Bíópsì ní kòkòrò kò sí, ẹ̀jẹ̀ ní ó wà: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 47 ni mí, aṣọ ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún kan tí òkè inú ti ń ta mí, tí inú mi sì máa ń kún lẹ́yìn oúnjẹ. Láàbù àdúgbò wa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní mo ní kòkòrò inú tó ń jẹ́ H. pylori. Nígbà tó yá, wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun ní ọsibítù, wọ́n sì bu ẹran díẹ̀ nínú àpòlúkù mi lọ yẹ̀ wò. Ohun tó wà nínú èsì rẹ̀ nìyí: "Antral mucosa, one fragment. Chronic active gastritis. No H. pylori seen. No intestinal metaplasia. No malignancy." Ojoojúmọ́ ni mò ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, títí di ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò náà. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n lo oògùn kòkòrò ni àbí kí n má lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira, ìyá wa. Inú ríro ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré, pàápàá fún ẹni tó ń jí lọ sọ́jà. Ó dára gan-an tí ẹ da ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ bó ṣe wà, tí ẹ sì dárúkọ omeprazole, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín kọ́ sí.

Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ẹyọ ẹran kan tí wọ́n bu ní ìsàlẹ̀ àpòlúkù yín ti wú, pé wọn kò rí kòkòrò, wọn kò sì rí jẹjẹrẹ. Nínú èsì méjèèjì, kò sí èyí tó tíì dáhùn ìbéèrè yín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn kò lè sọ bóyá kòkòrò náà wà nínú yín lónìí. Ẹni tó yẹ ẹran náà wò kò rí kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bu ẹran náà, bó ṣe kéré tó, àti oògùn tó wà lára yín lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí àìrí yẹn tó ẹ̀rí pé kò sí. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú èsì yín tí kò jẹ́ kí n lè pa ìwé náà dé, òun ni "active". Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo irú ẹran báyìí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí mo bá ti rí ohun tó ń jẹ́ "active" tí n kò sì rí kòkòrò, mo gbọ́dọ̀ tún un wá ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí kòkòrò ọ̀hún ń gbé. Helicobacter pylori kì í sáábà wọ inú ẹran lọ. Inú oje yíyọ̀ tó bo awọ àpòlúkù ló ń gbé, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ náà, ó sì máa ń wọ inú àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀. Ara rẹ̀ lọ́, ó ní ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì kéré débi pé bí a bá to 300 wọn tẹ̀ léra, gígùn gbogbo wọn kò ní ju mílímítà kan lọ. Ásíìdì inú wa ì bá ti pa á, ṣùgbọ́n ó ní èròjà kan tó ń jẹ́ urease, èyí tó fi ń sọ yúríà inú oje àpòlúkù di ammonia. Ammonia yìí ló ń pa agbára ásíìdì tó yí i ká.

Lára ẹni tí kò lo oògùn kankan, ìsàlẹ̀ àpòlúkù níbi tó ti fẹ́ já sínú ìfun, tí àwọn dókítà ń pè ní antrum, ni kòkòrò yìí sábà máa ń pọ̀ sí jù. Bí ẹni náà bá wá ń lo omeprazole tàbí àwọn ìbátan rẹ̀ bíi esomeprazole àti rabeprazole, ásíìdì á dín kù, nǹkan á sì yí pa dà. Àwọn kòkòrò tó wà ní antrum á dín kù, nígbà mìíràn ojú ò ní rí wọn níbẹ̀ mọ́ rárá. Èyí tó kù á wà lókè, ní àárín àpòlúkù. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ pa ìrísí dà, wọ́n á di róbótó, ojú á sì fò wọ́n. Ẹ wá wo tiyín: antrum nìkan ni wọ́n ti bu ẹran, ẹyọ kan, lára ẹni tó ń lo omeprazole lójoojúmọ́. Ibi tó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti kúrò ni wọ́n wá a sí.

Ìlànà wà fún ẹran bíbu yìí, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ní 1990, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ àìsàn inú ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, wọ́n gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣàpèjúwe àpòlúkù tó wú. Àwọn patọ́lọ́jísì, ìyẹn àwọn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, tún jókòó lé e lórí ní Houston ní Amẹ́ríkà ní 1994, wọ́n sì tẹ èyí tí wọ́n tún ṣe jáde ní 1996. Ẹyọ ẹran márùn-ún ni ìlànà náà ní kí wọ́n bu: méjì ní antrum, méjì ní àárín àpòlúkù, ọ̀kan ní ibi tí àpòlúkù ti ṣẹ́ kọ́rọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò tó hóró ìrẹsì. Ìdí tí wọ́n fi ní márùn-ún ni pé kòkòrò náà kì í wà káàkiri bákan náà, àti pé ibi tí àpòlúkù ti wú ń sọ irú ewu tó lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí antrum rẹ̀ nìkan wú lè ní ọgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Ẹni tí tirẹ̀ gòkè lọ sí àárín, tí awọ ibẹ̀ sì ti ń jẹ tán, òun ni a máa ń ṣọ́ nítorí jẹjẹrẹ.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Aláìsàn ti san owó ńlá fún endoscopy, ó ti fi ebi sùn mọ́jú, ó ti fara da rọ́bà lọ́fun. Kámẹ́rà ti dé ibi tó yẹ kó dé. Ká wá bu ẹyọ kan péré ká fà á jáde! Mẹ́rin yòókù kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé owó yíyẹ ẹran wò wà níbẹ̀, àwọn dókítà kan sì ń fi àánú dín in kù fún aláìsàn, ṣùgbọ́n iye tó máa ná aláìsàn náà láti pa dà wá ṣe endoscopy kejì ju ti bíópsì mẹ́rin lọ fíìfíì.

Bí ẹran náà bá ti jáde, inú fọ́málínì oní 10% ló gbọ́dọ̀ wọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má bàa bàjẹ́. Ní láàbù, wọ́n á fi ọtí fa omi ara rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ìda gbígbóná rọ́pò omi náà, wọ́n á jẹ́ kó tutù kó le, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì. Ẹran tí a gé báyìí kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí, ìdí nìyẹn tí a fi ń pa á láró. Aró méjì ni gbogbo láàbù máa ń kọ́kọ́ lò, haematoxylin, tí wọ́n ń rí lára igi kan tó ń hù lápá Mẹ́síkò, àti eosin. Ọ̀kan á sọ inú sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ búlúù tó ṣú, ìkejì á sọ ara rẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Aró méjèèjì yìí tó láti rí ìwúlé, wọ́n sì tó láti rí kòkòrò náà bó bá pọ̀. Bí kò bá pọ̀, wọn kò tó. A ní aró mìíràn fún un: Giemsa, tó ń jẹ́ kí kòkòrò yọ ní búlúù kedere, Warthin-Starry, tí wọ́n ń fi fàdákà ṣe, tó ń sọ ọ́ di dúdú, àti ọ̀nà kẹta tí wọ́n fi èròjà tó mọ kòkòrò náà nìkan ń lẹ̀ mọ́ ọn, tó sì ń yọ ní àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ló dára jù láti rí èyí tó ti di róbótó, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo láàbù ló ní in. Giemsa kò wọ́n. Èsì yín kò dárúkọ aró kankan, nítorí náà n kò ní gbà pé wọ́n lo èyíkéyìí yàtọ̀ sí méjì àkọ́kọ́ títí wọn yóò fi sọ fún yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ "chronic active". Bí àpòlúkù bá wú, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ya wọ inú awọ rẹ̀. Oríṣi kan, lymphocyte àti plasma cell, máa ń dé, wọ́n sì máa ń pẹ́. Wíwà wọn ló ń jẹ́ "chronic". Oríṣi kejì ni neutrophil, tí kì í pẹ́ láyé, tó jẹ́ pé ohun tó ń bí ara nínú lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń pè é wá. Bí a bá rí i tó ń wọ inú awọ àti inú àwọn ihò rẹ̀, a ó kọ "active".

Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì. Bí oògùn bá ti pa H. pylori tán, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni neutrophil máa ń kúrò. Àwọn lymphocyte lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ní kòkòrò náà rí, tó sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "chronic" nìkan ló yẹ kí èsì rẹ̀ sọ. Èsì yín sọ "active". Ohun kan ṣì ń bí awọ àpòlúkù yín nínú, ohun tó sì ń fa irú rẹ̀ jù lọ láyé ni kòkòrò yìí.

Bí ayé tiẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n gan-an nìyẹn. Ní 1979, ní Royal Perth Hospital ní Ọsirélíà, patọ́lọ́jísì kan tó ń jẹ́ Robin Warren rí ìlà búlúù kan lórí awọ àpòlúkù aláìsàn kan. Ó lo aró fàdákà, ó sì rí kòkòrò kọ́lọkọ̀lọ níbẹ̀. Nígbà yẹn, ohun tí gbogbo ìwé ìṣègùn ń kọ́ni ni pé kòkòrò kankan kò lè gbé inú ásíìdì àpòlúkù. Warren kò fi í sílẹ̀, torí ó ṣàkíyèsí pé àpòlúkù tó ní neutrophil náà ló ń ní kòkòrò. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1981. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú kòkòrò náà hù nínú àwo láàbù, kò hù, àfi ìgbà tí ìsinmi Ọdún Àjíǹde 1982 mú kí àwọn àwo kan pẹ́ nínú ẹ̀rọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1983, lẹ́tà méjì tí wọ́n kọ, ọ̀kan ti Warren, ọ̀kan ti Marshall, jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, "active chronic gastritis" sì ni Warren pe ìwúlé tó rí nínú tirẹ̀. Ní 1984, Marshall mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan inú bẹ̀rẹ̀ sí í rú u, bíópsì sì fi hàn pé àpòlúkù rẹ̀ ti wú. Àwọn méjèèjì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ti kọjá, síbẹ̀ neutrophil náà ló ṣì ń tọ́ka ọ̀nà fún wa.

Mi ò sọ pé ó dájú o. Ẹran tí wọ́n bu létí ọgbẹ́ lè ní neutrophil, ohun tó sì ń fa ọgbẹ́ náà lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Àwọn àìsàn díẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ìpalára oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ọjà ń gbé mì nítorí ẹ̀yìn àti orúnkún, kì í sábà rí báyìí: òun máa ń mú kí àwọn ihò inú awọ gùn kí wọ́n sì lọ́, sẹ́ẹ̀lì ìwúlé kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lò wọ́n, ẹ sọ fún dókítà yín, torí wọ́n lè fa ọgbẹ́ lọ́tọ̀, tí kòkòrò bá sì tún wà, ewu náà ń pọ̀ sí i.

Àwọn ibòmíràn máa ń fi ẹyọ ẹran kan sínú àyẹ̀wò urease lójú ẹsẹ̀ nínú yàrá endoscopy. Yúríà àti ohun tó ń pa àwọ̀ dà ló wà nínú rẹ̀. Bí kòkòrò bá wà, ammonia á mú kí àwọ̀ ìyeyè di pupa, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan, nígbà mìíràn kó tó wákàtí 24. Ó dára, ó yá, kò wọ́n. Àmọ́ omeprazole ń ṣì í lọ́nà bó ṣe ń ṣi tiwa lọ́nà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ṣàn nínú àpòlúkù.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ohun tí wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀ yín ni èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀. Èròjà yìí máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù, àní fún ọdún, lẹ́yìn tí kòkòrò ti lọ. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó kòkòrò yìí láti kékeré. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn tó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù yín, kì í ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jáde pé ó wà. Inú ń bí mi sí bí àwọn láàbù kéékèèké ṣe ń ta àyẹ̀wò yìí fún aláìsàn lẹ́yìn tó ti lo oògùn tán, tí wọ́n á ní "ó ṣì wà", tí ẹni náà á tún lọ ra àǹtíbáyọ́tíìkì lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ti rí ẹni tó lo oògùn títí tí ìgbẹ́ gbuuru fi dá a dùbúlẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní pa ohùn dà.

Ní ti jẹjẹrẹ, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ohun tí èsì yín sọ. Lóòótọ́, láti 1994 ni àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka H. pylori mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn: ìwúlé tó pẹ́, lẹ́yìn náà awọ tó ń jẹ, lẹ́yìn náà awọ àpòlúkù tó ń dà bíi ti ìfun, èyí tí wọ́n ń pè ní intestinal metaplasia, kó tó di sẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní kòkòrò náà kò sì ní dé ìparí rẹ̀ láéláé. Tiyín kò ní metaplasia nínú ẹyọ tí wọ́n wò. Ní 1992, dókítà kan tó ń jẹ́ Holcombe kọ̀wé pé àdììtú ni ti Áfíríkà, pé kòkòrò pọ̀ ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpòlúkù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti bá a jiyàn látìgbà náà pé àwọn tí a kò ti kámẹ́rà bọ̀ lọ́fun ni a kò kà. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn wọ̀nyẹn dé ìwọ̀n kan, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ fi ẹyọ ẹran kan péré tu ara yín nínú títí láé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ mú ìwé èsì náà pa dà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe endoscopy. Nọ́ńbà láàbù wà lókè rẹ̀. Ẹran yín ṣì wà nínú ìda níbẹ̀, a kì í dà á nù kíákíá. Wọ́n lè gé òmíràn lára rẹ̀ kí wọ́n sì fi Giemsa pa á láró láìtún fọwọ́ kan yín. Bí wọ́n bá rí kòkòrò, ìbéèrè ti tán. Bí wọn ò bá rí i, ẹ má ṣe tíì sọ pé kò sí.

Lẹ́yìn náà, kí dókítà yín bá yín wò ó bóyá ẹ lè dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ń lo aspirin tàbí oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má dì, tàbí tí ẹ ti ní ọgbẹ́ tó ṣẹ̀jẹ̀ rí, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Oògùn olómi funfun tí a ń mu fún àyà títa lè gbà yín sílẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Kò gbọ́dọ̀ sí àǹtíbáyọ́tíìkì kankan tàbí oògùn inú tó ń jẹ́ bismuth fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, títí kan Flagyl tí a máa ń rà nítorí inú gbuuru. Nígbà náà kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe èròjà inú ẹ̀jẹ̀, tàbí ti èémí, bí ọsibítù yín bá ní in. Èyí ni mo máa gbà gbọ́ ju èsì méjèèjì tí ẹ ní lọ́wọ́ lọ. Àmọ́ bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá ń bì tàbí tí ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, ọsibítù ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Bó bá jáde pé ó wà, ẹ lo oògùn rẹ̀ pé ọjọ́ 14, láìfo ọ̀kan. Ẹ sọ fún dókítà gbogbo àǹtíbáyọ́tíìkì tí ẹ rántí pé ẹ ti lò rí, torí metronidazole, tó jẹ́ Flagyl náà, kì í ran ọ̀pọ̀ H. pylori ilẹ̀ wa mọ́ bó bá dá nìkan wà; a ti lò ó ní ìlòkulò. Bí wọ́n bá fi bismuth kún oògùn yín, ìgbẹ́ yín á dúdú, bismuth ló ń fa ìyẹn. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá lo oògùn tán, tí ẹ sì ti tún fi omeprazole sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ìgbẹ́ yẹ̀ wò. Bó bá ní kò sí mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀ yín nítorí H. pylori mọ́.